Òṣùwọ̀n Oòrùn ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀

Ẹni tí ó bá ṣí ìwé ọdọọdún wò, tí ó sì rí i níbẹ̀ pé oòrùn ràn fún wákàtí báyìí-báyìí ní oṣù kan, ó yẹ kí ó béèrè ẹni tí ó ka wákàtí náà, ohun tí ó fi kà á, àti bóyá ohun náà ṣe é gbíyè lé. Ìbéèrè yìí ti kúrò ní ti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan láti ìgbà tí páànẹ́lì sólà ti ń gun òrùlé ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, nítorí pé owó gidi ni à ń ná lé iye oòrùn tí a rò pé a ní. Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè kì í sì í náwó sórí ohun tí a kò wọ̀n.

Èyí tí ó lọ́jọ́ lórí jù nínú àwọn ohun èlò tí a mọ̀ ní ibùdó ojú-ọjọ́ ilẹ̀ wa ni bọ́ọ̀lù gíláàsì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Campbell-Stokes. Campbell, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni ó dá ọgbọ́n rẹ̀ ní ọdún 1853. Ní 1879 ni Stokes ṣe férémù onírin tí páálí ń wọ̀ sí fún un. Bọ́ọ̀lù náà, tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, a máa kó ìtànṣán jọ sójú kan lára páálí tí a ti fa ìlà wákàtí sí, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí oòrùn ti ń rìn lójú ọ̀run láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń jó gba ara páálí kọjá. Bí àwọsánmà bá bo oòrùn, ìlà a já. Bí ó bá tún yọ, ìlà a tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, òṣìṣẹ́ a yọ páálí, a sì ro gígùn gbogbo ojú ibi tí ó jó pọ̀. Irú páálí mẹ́ta ni a ń lò yípo ọdún: èyí tí ó tẹ̀ tí ó sì gùn, láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án; èyí tí ó tẹ̀ tí ó sì kúrú, láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá títí di ìparí oṣù Kejì; àti èyí tí ó nà gbọnrangandan, fún àwọn ọjọ́ tí ó ṣẹ́kù láàrin wọn.

Ọgbọ́n yìí dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró sójú kan. Àjọ Ojú-Ọjọ́ Àgbáyé ti là á sílẹ̀ pé kí ìtànṣán tí ó ti ojú oòrùn wá tààrà tó 120 wáàtì lórí mítà onígun mẹ́rin kan kí a tó lè sọ pé oòrùn ràn. Páálí kò mọ òfin: nígbà tí ó bá gbẹ dáadáa, nǹkan bí 70 wáàtì ti tó láti jó o, nígbà tí ó bá sì tutù, ó lè má jó títí yóò fi di 280. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tiwa jẹ́ ilẹ̀ ọ̀rinrin, tí ìrì ń bo gíláàsì lówùúrọ̀, tí oòrùn yóò ti là tipẹ́ kí iná rẹ̀ tó mú páálí. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, bí ó bá di oṣù Agẹmọ àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí oòrùn ń yọjú fìrí tí ó sì ń sá padà sẹ́yìn àwọsánmà, ìyọjú kékeré kọ̀ọ̀kan a máa jó ihò tí ó fẹ̀ ju àkókò rẹ̀ lọ, àròpọ̀ wọn a sì ga ju òtítọ́ lọ. Àléébù mìíràn tún wà tí ó jù wọ̀nyí lọ lójú tèmi: páálí ń ka wákàtí, kò ka agbára. Wákàtí kan lẹ́yìn òjò oṣù Kẹrin, nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ gaara, àti wákàtí kan nínú ọyẹ́, nígbà tí oòrùn funfun bí àwo, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ lórí páálí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe lára páànẹ́lì yàtọ̀ gidigidi.

Nítorí náà ni a fi ṣe èyí tí ń wọn agbára, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ pyrheliometer. Ọ̀pá oníhò ni, tí a ń kọjú rẹ̀ sí oòrùn gan-an, tí ẹ̀rọ kan ń yí tẹ̀ lé e láti ìlà dé ìwọ̀, tí ìtànṣán yóò sì máa mú nǹkan dúdú kan gbóná nísàlẹ̀ ihò náà. Oòrùn kò fẹ̀ ju ìdajì dígírì lọ lójú ọ̀run, ojú ọ̀pá sì ń rí dígírì 5. Ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, àlàfo yìí kò ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti aṣálẹ̀ a máa tàn yí oòrùn ká bí adé, ọ̀pá a sì ka ìmọ́lẹ̀ adé náà mọ́ ti oòrùn. Eruku kan náà a tún bà lé gíláàsì rẹ̀, a sì dín in kù. Àṣìṣe méjì tí ń fa ara wọn ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èyí, kò sì sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n pa ara wọn rẹ́. Kí a nu gíláàsì lójoojúmọ́ ni àtúnṣe tí ó wà níkàáwọ́ ènìyàn.

Bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, a ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òṣùwọ̀n tí a kò gbé pàdé òṣùwọ̀n mìíràn rí. Ní Davos, lórí òkè ilẹ̀ Switzerland, ni àwọn àgbà òṣùwọ̀n gbogbo àgbáyé wà. Láti 1959 ni a ti ń kó àwọn ti orílẹ̀-èdè gbogbo lọ síbẹ̀ láti kọjú wọn sí oòrùn kan náà lákòókò kan náà, ní ọdún márùn-ún márùn-ún nísinsìnyí, àṣìṣe tí a sì gbà pé ó kù lára àgbà wọ̀nyẹn kò ju nǹkan bí ìdá 3 nínú 1,000. Ní ilẹ̀ wa, Yunifásítì Ìlọrin ni ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ibùdó tí ń wọn ìtànṣán fún gbogbo ayé, tí ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1992, iṣẹ́ wọn lórí eruku ọyẹ́ sì ti là wá lójú púpọ̀. Ibùdó ojú-ọjọ́ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tí ó sún mọ́ wa jù; ìbá wù mí kí òṣùwọ̀n agbára tí a ti gbé pàdé àgbà rẹ̀ wà níbẹ̀ títí, kí a má máa fi ojú ọ̀run Ìlọrin, tí ó gbẹ ju tiwa lọ, díwọ̀n tiwa.

Ní ti mítà kékeré àfọwọ́mú tí àwọn oníṣẹ́ sólà ń gbé kiri, ó wúlò bí a bá mọ ìwà rẹ̀. Mítà tí a ṣe fún ìmọ́lẹ̀ inú ilé, iná gílóòbù ni a fi kọ́ ọ lóǹkà. Oòrùn ọ̀sán gangan a sì máa tó 100,000 lux, tí òǹkà àwọn mìíràn yóò ti parí kí ó tó débẹ̀. Èyí tí a fi sílíkónì ṣe kò rí gbogbo ooru inú ìtànṣán, nítorí náà bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ bá yí padà lábẹ́ àwọsánmà, òǹkà rẹ̀ a yí padà pẹ̀lú. Bí a bá sì gbé e ní ẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ nígbà tí oòrùn wà nísàlẹ̀, àṣìṣe a pọ̀ gan-an.

Àkókò pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Aago Nàìjíríà ń tẹ̀ lé ìlà dígírì 15 níhà ìlà-oòrùn ayé, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí dígírì 4 ni Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wà. Ìdí nìyí tí oòrùn kì í fi dé góńgó ní agogo 12, bí kò ṣe ní nǹkan bí agogo 12:44. Ní àárín oṣù Kejì, ó ń sún dé 12:58. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, ó ń padà sí 12:28. Ní nǹkan bí ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin àti ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ni oòrùn ń gba àtàrí wa kọjá gan-an, ní nǹkan bí 12:46 ní ti àkọ́kọ́ àti 12:43 ní ti ìkejì. Ẹni tí ó bá ní òṣùwọ̀n kan kí ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ní wákàtí náà, kí ó fi igi tí ó dúró ṣánṣán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí igi kò bá ní òjìji, tí gíláàsì sì mọ́, kí ó kọ iye tí ó rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀, ní ọjọ́ kan náà, bí àwọsánmà bá yọ̀ǹda. Bí òṣùwọ̀n bá ti ń rẹ̀yìn, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ hàn.