Kámẹ́rà Inú Àpótí Bàbá: Ẹ Má Tíì Gbé E Fún Oní-bólà

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ń bẹ nílẹ̀ yìí! Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá. Bí àgbà kan bá ti lọ, tí àwọn ọmọ ń kó ilé, kámẹ́rà rẹ̀ a bá irin àlòkù lọ, nẹ́gátíìfù a bá ààtàn lọ. Bẹ́ẹ̀ fọ́tò wọ̀nyẹn ni ẹ̀rí pé àwọn bàbá wa ti ń gbé ibí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè wá ní àlejò. Àwọn tí ilé wọn jóná ní Kàdúná ní 2000, tàbí ní Jos ní 2001, mọ ohun tí à ń wí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú àwọn kámẹ́rà náà yẹ̀wò: Rollei 35. Heinz Waaske, ará Jámánì, ló ronú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ kò fẹ́ ẹ, torí wọ́n ti fẹ́ fi iṣẹ́ kámẹ́rà sílẹ̀. Ló bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Rollei, wọ́n sì gbé e jáde ní 1966. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe é, kó tó di Singapore. Díẹ̀ ló fi tóbi ju páálí sìgá lọ, síbẹ̀ fíìmù tó ń ya fọ́tò 36 ló ń lò.

Ọwọ́ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ó fa ojú rẹ̀ jáde, ẹ ó yí i kó há. Kẹ̀kẹ́ kékeré méjì wà níwájú: ọ̀kan fún bí ihò ìmọ́lẹ̀ yóò ti fẹ̀ tó, èkejì fún bí yóò ti yára pa dé tó. Bí ẹni tí ẹ ń yà ṣe jìnnà sí yín, ojú ni ẹ ó fi wọ̀n ọ́n. Nínú oòrùn ganrínganrín, pẹ̀lú fíìmù 100, ẹ fi ihò sí 16, ẹ fi ìyára sí 1/125, ó parí. Fíláàṣì rẹ̀, ẹ máa rẹ́rìn-ín, abẹ́ ló ń so sí. Àwọn kan a dorí kámẹ́rà kodò kí òjìji má baà gòkè.

Bátìrì rẹ̀ kò wà fún nǹkan ju wíwọn ìmọ́lẹ̀ lọ. Irú bátìrì mẹ́kúrì tí wọ́n ṣe é fún ti kúrò lọ́jà, èyí tí wọ́n ń tà báyìí sì lágbára jù ú lọ díẹ̀, ó lè mú kí ìwọ̀n náà parọ́. Ṣùgbọ́n láìsí bátìrì rárá, yóò ya fọ́tò.

Tipátipá ló ń pa á. Ẹ fa fíìmù síwájú ná, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kékeré tó ń tú ojú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tó tì í wọlé.

Ẹ má sì kàn ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Fíìmù lè wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò sì bà á jẹ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ R sí, ẹ yí i, kí ẹ wá ká fíìmù padà pẹ̀lú ọwọ́ tó wà lábẹ́.

Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, tàbí nẹ́gátíìfù, kó gbé e wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. Àwọn àgbà tó lè dárúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò kò pọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti ń dárúkọ, a ó máa kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò.