Ìpàgọ́ Láìná Owó Rẹpẹtẹ

 

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ ìwé ìpàgọ́ àwọn Síkáótù mọ́ pátákó, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń gbọ́ ṣáá: "N ò lè lọ, n ò ní àgọ́." Ohun tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń dẹ́rù bà wọ́n: àgọ́ òyìnbó, àpò ìsùn, báàgì ńlá olókùn mẹ́wàá. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí ìyẹn jókòó sílé, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí.

Ẹ gbọ́ ti màmá àgbà kan ní Amẹ́ríkà, Emma Gatewood. Lọ́dún 1955, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 67, òun nìkan ló rin ọ̀nà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó ju 3,000 kìlómítà lọ. Kò gbé àgọ́, kò gbé àpò ìsùn. Àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló gbé kọ́ èjìká, kúbùsù kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kọ́tìnì ọ̀rá ilé ìwẹ̀ tó fi ń gba òjò. Bàtà kánfáàsì ló wọ̀. Kánfáàsì o!

Ìwúwo ẹrù gan-an ni wàhálà. Lítà omi kan jẹ́ kìlógírámù kan, omi ò sì ṣeé fi sílẹ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó máa ń rìn lórí òkè sábà ń sọ pé kí ẹrù má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara ẹni lọ. Ẹni tó bá jẹ́ kìlógírámù 50, 10 ni òpin tiẹ̀. Gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, dúró lórí ìwọ̀n, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tún dúró, kí o wá yọ èyí kúrò nínú tàkọ́kọ́. Ìṣirò dé!

Fún òrùlé, tapólì ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó wà lọ́jà ti tó, kì í ṣe èyí tó nípọn tí wọ́n fi ń bo ẹrù tírélà. So okùn mọ́ igi méjì, fi tapólì kọ́ ọ, fi òkúta tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n má dé e pa. Omi wà nínú èémí wa. Bí ọ̀rá bá sé e mọ́, á di ìrì, á sì máa kán sí ọ lórí láìsí òjò níta. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí o so sábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi sílẹ̀.

Tó bá di ti oorun, àwọn èèyàn á di aṣọ ìbora mẹ́ta, wọ́n á gbàgbé abẹ́. Ilẹ̀ ló ń fa ooru ara lọ lóru, àgàgà nígbà ọyẹ́. Aṣọ tí a bá dùbúlẹ̀ lé máa ń tẹ̀ pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó ń mú ooru dúró á sá jáde. Ẹní kan pẹ̀lú páálí lábẹ́ rẹ̀ sàn ju kúbùsù kejì lọ. Ewé gbígbẹ náà dáa, àmọ́ gbọ̀n ọ́n wò nítorí àkekèé. Súwẹ́tà òkìríkà fẹ́lẹ́ kan, ó parí.

Ti oúnjẹ, mo mọ̀ pé ẹ ó bínú sí mi. A fẹ́ràn iyán ní Kabba, àmọ́ omi ló pọ̀ jù nínú iṣu tútù, ta ló sì fẹ́ ru odó gun òkè? Èlùbọ́ kúkú wà: iṣu náà ni, oòrùn ló ti fa omi rẹ̀ gbẹ. Gaàrí àti kúlíkúlí ò tiẹ̀ fẹ́ iná.

Báàgì ilé ìwé yín ti tó. Ẹ da ìwé inú rẹ̀ sílẹ̀ (inú yín á dùn). Ẹ má gbé ghana-must-go, torí ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣófo lórí òkúta. Ohun tó wúwo ni kó sún mọ́ ẹ̀yìn.

Pínpín ló ń dín owó kù jù. Kí ẹni mẹ́rin jọ lo tapólì kan àti ìkòkò kan. Ẹnì kan á gbé okùn, ẹnì kan á gbé tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí kò bá rí ẹni bá pín, kó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé yìí kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Tèmi ti wà níbẹ̀. Tapólì ni n óò mú wá.