Kí Ni Ẹni Tí Awọ Rẹ̀ Dá Ṣáká Ń Wá Lọ́dọ̀ Dókítà Awọ Ara?

Ọ̀pọ̀ wa kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara àfi tí nǹkan bá ti bàjẹ́. Làpálàpá ti gba orí ọmọ tán, irorẹ́ ti sọ ojú di àpá, ìpara tí a rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì ti jó ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìgbà náà la tó máa béèrè pé, "Ta ló mọ dókítà tó ń wo awọ?" Tí a bá wá gbọ́ pé ẹnì kan tí ara rẹ̀ ń dán, tí nǹkan kan kò yún un, dìde lọ bá dókítà yìí, a ó ní owó ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí onítọ̀hún ń wá kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò kan gbogbo ènìyàn bákan náà: àwọn kan wà tó jẹ́ ọ̀ranyàn fún, àwọn mìíràn sì wà tí ẹ̀ẹ̀kan péré lè tó fún.

Kì í ṣe irorẹ́ àti làpálàpá nìkan

Awọ ni ẹ̀yà ara tó tóbi jù lọ lára ènìyàn. Tí wọ́n bá tẹ́ ti àgbàlagbà sílẹ̀, á bo ibi tó gùn ní mítà méjì, tó fẹ̀ ní mítà kan, tàbí kó dín díẹ̀. Irun orí, èékánná àti ètè náà wà lábẹ́ ìtọ́jú dókítà awọ ara. Ọ̀pọ̀ àrùn tó fara pamọ́ sínú ni awọ sì máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀, láìsí ìrora kankan.

Ẹ wo ọrùn. Àwọn kan wà tí ẹ̀yìn ọrùn wọn dúdú ju ojú wọn lọ, tí awọ ibẹ̀ sì nípọn. Ìyá á gbé kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú, á gbo ọrùn ọmọ títí ọmọ á fi figbe ta, nítorí ó rò pé ìdọ̀tí ni. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ínsúlìn, tí ara fi ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kò ríṣẹ́ ṣe dáadáa mọ́, àtọ̀gbẹ sì lè wà lọ́nà. Dókítà tó bá rí i á ní kí wọ́n lọ wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kí òùngbẹ àti ìtọ̀ òru tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀tẹ̀ náà ń bẹ. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú àmì kan ṣoṣo tó mọ́ díẹ̀ ju awọ tó yí i ká lọ. Kì í yún, kì í dunni, àìdunni yẹn gan-an sì ni ẹ̀rí: tí aláìsàn bá di ojú, tí dókítà fi òwú kan ibẹ̀, kò ní mọ̀. Oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni káàkiri ayé láti 1995. Oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni wọ́n ń lò ó, ẹni tó bá sì tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè bọ́ láìní àbùkù kankan. Ẹni tó bá ní òun á dúró dìgbà tó bá dun òun ló máa ń pàdánù ìka.

Awọ dúdú ń dáàbò bo ni, ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ

Àwọn kan á sọ pé àrùn òyìnbó ni jẹjẹrẹ awọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Mẹ́lánìn, èròjà tó ń sọ awọ di dúdú, máa ń gba ìtànṣán oòrùn mọ́ra kó tó wọlé lọ ba nǹkan jẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1979 fi hàn pé òkè awọ adúláwọ̀ ń dènà oòrùn tó ìpara adènà oòrùn oní-nọ́ńbà (SPF) 13, nígbà tí ti aláwọ̀ funfun kò ju nǹkan bí 3 lọ. Ara ohun tó jẹ́ kí jẹjẹrẹ awọ ṣọ̀wọ́n láàárín wa nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣọ̀wọ́n kì í ṣe ohun tí kò sí. Ọ̀kan lára èyí tó burú jù nínú jẹjẹrẹ awọ ni melanoma. Lára òyìnbó, ibi tí oòrùn ń pa ló sábà máa ń yọ sí. Lára àwa adúláwọ̀, ibi tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ló ń wá: àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́, abẹ́ èékánná. Ààbò tí mẹ́lánìn ń ṣe kò ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí kì í ṣe oòrùn ló ń fà á.

Ohun tó pa Bob Marley, olórin régè ọmọ Jàmáíkà, nìyẹn. Ní 1977, wọ́n rí ohun kan lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ó sì ti fara pa lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń gbá a, torí náà ọgbẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ìgbà tí wọ́n ṣàyẹ̀wò rẹ̀ dáadáa ni wọ́n mọ̀ pé melanoma ni. Àrùn náà ràn dé ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ, ó sì kú ní Miami ní ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, 1981, lẹ́ni ọdún 36.

Ta ló ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀? Ẹni tó tilẹ̀ wò ó, tó rí àmì dúdú níbẹ̀, á ní bàtà ló ha òun. Ní Amẹ́ríkà, nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ funfun tí wọ́n bá melanoma lára wọn, nǹkan bí 94 ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Láàárín àwọn adúláwọ̀, nǹkan bí 70 ni. Ara ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ni pé ó ti máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí i lára tiwa.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá dókítà

Àyẹ̀wò náà kì í dunni, kì í sì í pẹ́. Ìmúra rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ẹ nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò ní èékánná ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀. Ẹ má lé làálì lọ́sẹ̀ tí ẹ ó lọ, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ tí dókítà fẹ́ wò gan-an ni làálì ń bò. Ẹ bọ́ wíìgì, ẹ nu àtíkè. Gbogbo ìpara, ọṣẹ àti oògùn tí ẹ ń lò, títí kan èyí tí wọ́n pò fún yín lọ́jà tí kò ní orúkọ lára, ẹ kó wọn dání sínú ọ̀rá kan.

Dókítà á kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀: ṣé ẹnì kan ti ní jẹjẹrẹ awọ nínú ẹbí, oògùn wo lẹ ń lò, ṣé oòrùn lẹ ti ń ṣiṣẹ́? Á wá bẹ̀rẹ̀ láti orí. Á ya irun kó lè rí awọ orí, á wo ẹ̀yìn etí, ètè, ẹ̀yìn, abẹ́ ọmú, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ lè sọ pé kí nọ́ọ̀sì tàbí ẹbí yín kan wà níbẹ̀. Tó bá rí ohun tó fẹ́ wò fínnífínní, á gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ní iná àti dígí lé e, èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Ìbéèrè márùn-ún ló ní fún àmì dúdú kọ̀ọ̀kan. Ṣé apá rẹ̀ kan bá èkejì dọ́gba? Ṣé etí rẹ̀ mọ́, àbí ó ṣe jágajàga? Ṣé àwọ̀ kan ló ní, àbí dúdú, pupa àti àwọ̀ eérú ló dàpọ̀? Ṣé ó fẹ̀ ju mílímítà 6 lọ, ìyẹn bí ìdí pẹ́ńsùlù? Ẹ̀karùn-ún ló lágbára jù: ṣé ó ń yí padà?

Ìbéèrè karùn-ún yìí ni dókítà tó ń rí yín fún ìgbà àkọ́kọ́ kò lè dá dáhùn. Ẹni tó ń gbé àdúgbò ló ń mọ̀ pé àlejò wọ̀lú. Dókítà tó ti rí awọ yín nígbà tó dá ṣáká, tó ti ya fọ́tò rẹ̀ sínú fáìlì, ló lè sọ pé àmì yìí kò sí níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Iṣẹ́ gidi tí ìbẹ̀wò ẹni tí ara rẹ̀ dá ń ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú èékánná ṣe àpẹẹrẹ. Ìlà dúdú tó gùn láti ìdí èékánná dé orí rẹ̀ wọ́pọ̀ lára adúláwọ̀, pàápàá bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ. Tó bá wà lára ìka mélòó kan, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kì í sábà ní ewu. Tó bá jẹ́ ìka kan ṣoṣo, tó ń fẹ̀ sí i, tí dúdú rẹ̀ sì ti kọjá èékánná bọ́ sórí awọ tó yí i ká, dókítà kò ní fi falẹ̀. Á gún abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn yín, á gé díẹ̀ níbẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Bí melanoma bá ṣe jìn tó nínú awọ ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe le tó. Èyí tí kò tíì jìn tó mílímítà 1, gígé e kúrò nìkan ló sábà máa ń tó.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ jáfara

Olójú jínjìn, òkèèrè ló ti ń mẹ́kún sun. Àwọn àfín ló ṣáájú nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Mẹ́lánìn tí ì bá dènà oòrùn fún wọn kò tó, jẹjẹrẹ awọ sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n ní rèwerèwe ní Áfíríkà. Bí ara wọn tilẹ̀ dá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló yẹ kí dókítà wò wọ́n. Ibi tó le, tó ń pa èépá ní etí, imú tàbí ẹ̀yìn ọrùn lè di jẹjẹrẹ lọ́la. Tí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè fi náítírójìn olómi, tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, jó o kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Fìlà ẹlẹ́tí gbòòrò, aṣọ alápá gígùn àti ìpara adènà oòrùn oní-nọ́ńbà 30 sókè kò gbọ́dọ̀ wọ́n lára wọn.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ní àpá iná àtijọ́ tàbí egbò ẹsẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná. Jẹjẹrẹ lè hù nínú irú àpá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Orúkọ Jean-Nicolas Marjolin, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé tó kọ̀wé nípa irú egbò yìí ní 1828, ni àwọn dókítà fi ń pè é. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún náà wà níbẹ̀, nítorí oògùn tó ń lò kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ lè bá àrùn jà dáadáa.

Àwọn tó ń bóra ńkọ́? Awọ wọn lè máa dán ní oṣù àkọ́kọ́, kí wọ́n sì máa rò pé kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n sítẹ́rọ́ìdì inú ìpara náà ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, débi pé tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹni náà, ojú ibẹ̀ lè má tètè jinná. Hydroquinone, èròjà ìbóra mìíràn, tó bá pẹ́ lára, lè da ojú àmì dúdú tó ṣòro láti mú kúrò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mẹ́kúrì tó wà nínú òmíràn ń ba kíndìnrín jẹ́. Kò sì dáa kí wọ́n já sítẹ́rọ́ìdì sílẹ̀ lójijì, torí ojú lè wú, kó sì máa jó wọn. Dókítà ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó ń di irun pinpin, tàbí tó ń fi gúlù lẹ wíìgì mọ́ iwájú orí, náà yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń wò. Tí wọ́n bá rí i nígbà tí irun iwájú orí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tínrín, ó lè padà hù. Tí ibẹ̀ bá ti dán, ó ṣòro.

Ẹni tí kò sí nínú ìwọ̀nyí

Ní 2023, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò àìsàn ní Amẹ́ríkà, U.S. Preventive Services Task Force, sọ pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó láti mọ̀ bóyá àǹfààní àyẹ̀wò awọ ju ìpalára rẹ̀ lọ fún àgbàlagbà tí kò ní àmì kankan. Ìpalára wo ló lè wà níbẹ̀? Dókítà lè gé ohun tí kò yẹ kó gé. Lára àwa adúláwọ̀, ibi tí wọ́n gé lè wú di àpá ńlá tó burú ju ohun tí wọ́n ń wá lọ. Ní ìlú Ọba, ètò ìlera ìjọba kì í pe gbogbo ènìyàn fún àyẹ̀wò awọ: dókítà àdúgbò lẹ máa kọ́kọ́ rí, òun ló máa kọ̀wé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Ní Nàìjíríà, dókítà awọ ara kò pọ̀, ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sì ti rọrùn láti rí.

Nítorí náà, tí apá yín bá ká a, ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n wo gbogbo ara yín, kí ẹ sì béèrè ìgbà tó yẹ kí ẹ padà wá. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fúnra yín wò ó lóṣooṣù. Ẹ dúró síwájú dígí lẹ́yìn ìwẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé itan, kí ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka. Ẹ ní kí ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ yín bá yín wo ẹ̀yìn. Àmì tí ẹ bá rí, ẹ fi rúlà tì í, kí ẹ fi fóònù yà á, kí fọ́tò oṣù tó ń bọ̀ lè ní ohun tí ẹ ó fi í wé.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kó dúró de oṣù tó ń bọ̀: àmì tó ń fẹ̀ tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, egbò tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ tí kò jinná, ibi tó mọ́ tí kò mọ ìfọwọ́kàn, ìlà èékánná tó ń gbòòrò. Ẹ lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Tí dókítà bá sì fẹ́ fi ojú àti ọwọ́ nìkan parí rẹ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ kó wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín náà.