Ṣé O Mọ̀? Máàpù Ojú Ọ̀run àti Àwọn Tó Ń Fi Í Wa Bàálù

Ṣé o mọ̀ pé ọkùnrin kan ti fi bàálù gbé lẹ́tà la òkùnkùn kọjá ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé máàpù àwọn onímọ́tò ló fi ń wá ọ̀nà? Jack Knight ni. Ní òru ọjọ́ 22 mọ́jú ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1921, ó gbéra ní North Platte, ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Àwọn ará ìlú àti àgbẹ̀ dáná síta lójú ọ̀nà rẹ̀ kó lè rí ibi tó ń lọ. Ó balẹ̀ sí Omaha, níbi tó yẹ kí ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ti há ẹni náà mọ́ Chicago. Knight kò fo ọ̀nà Omaha sí Chicago rí. Ó ní òun á lọ. Wọ́n fún un ní máàpù títì, ó sì bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ nínú bàálù tí kò ní òrùlé, nínú òtútù. Ilẹ̀ mọ́, ó sì gúnlẹ̀ sí Chicago láyọ̀ àti àlàáfíà. Máàpù tó gbé dání mọ ibi tí títì yà sí, ṣùgbọ́n kò mọ bí òkè ṣe ga tó. Gbogbo ohun tí ìwé yẹn kò lè sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà ni máàpù òfuurufú ń sọ fún awakọ̀ lónìí.

Ṣé o mọ̀ pé inú ìwé kékeré kan tí wọ́n rà ní sẹ́ǹtì 10 ni ọ̀kan nínú àwọn máàpù tí awakọ̀ bàálù ń lò jù lágbàáyé ti bẹ̀rẹ̀? Elrey Jeppesen, tí a bí ní 1907, wà lára àwọn tó ń gbé lẹ́tà gba àárín àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tó ń pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀. Ní nǹkan bí 1930 ó ra ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn dúdú kan, ó sì ń kọ ohun tó bá rí sí i: bí pápá ìbalẹ̀ ṣe gùn tó, ibi tó ti dagun, ibi tí omi máa ń dárogún sí bí òjò bá dá, iná tó wà nítòsí, òpó tó lè gbá ìyẹ́ bàálù. Ohun tó rí látòkè kò tó o. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, á wọ mọ́tò, á lọ gun òkè, á gun ṣimíní ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń wọn gíga á wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó lè mọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí ṣóńṣó ibẹ̀ jẹ́ gan-an. Ó tún gba nọ́ńbà tẹlifóònù àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà lójú ọ̀nà. Kó tó gbéra, á pè wọ́n: báwo ni ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ yín?

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìtàn yìí ni pé kò kọ ọ́ láti tà. Kó má baà kú ló ṣe kọ ọ́. Àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ káwọn da tirẹ̀ kọ. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ní 1934, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní dọ́là 10, ó sì ń ṣe é nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀ ní Salt Lake City. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ gbọ̀ngàn ńlá pápákọ̀ òfuurufú Denver. Ó tọ́ sí i.

Ṣé o ti kíyè sí nọ́ńbà gàgàrà tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sójú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí? Ní pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, 18 ló wà lápá kan, 36 lápá kejì. Dígírì kọ́ńpáàsì ni, òdo ìparí rẹ̀ ni wọ́n yọ kúrò. 18 dúró fún 180: ẹni tó bá gba ibẹ̀ balẹ̀ kọjú sí gúúsù, síhà òkun. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé nọ́ńbà náà lè yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ilẹ̀. Ibi tí ọwọ́ kọ́ńpáàsì ń kọjú sí ní àríwá ayé kì í dúró sójú kan, ó ń rìn lọ́dọọdún. Ní 2009, pápákọ̀ Stansted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa 05 àti 23 rẹ́, wọ́n kọ 04 àti 22 dípò. Máàpù ibẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ bá a yí, nítorí awakọ̀ tó bá rí nọ́ńbà kan lórí ìwé, tó tún rí òmíràn nílẹ̀, ìdààmú dé bá a nìyẹn, ní ìṣẹ́jú tí kò sáyè fún ìdààmú.

Ṣé o mọ̀ pé Èkó kì í jẹ́ Èkó lójú awakọ̀? DNMM ni. D ni ti apá Áfíríkà tiwa, N ni ti Nàìjíríà. Ìbàdàn ń jẹ́ DNIB, Ìlọrin ń jẹ́ DNIL. Kutọnu ni DBBB, Lomé ni DXXX. LOS tí ẹ ń rí lára tíkẹ́ẹ̀tì, ti èrò àti ẹrù ni.

Ojú ọ̀run náà ní oríta. Kò sí òpó níbẹ̀, kò sí àmì kankan tí ojú lè rí, àfi orí máàpù àti inú kọ̀ǹpútà bàálù. Lẹ́tà márùn-ún ni orúkọ ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń ní, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé pè lẹ́nu, kí awakọ̀ ará Bràsíì àti adarí ọkọ̀ òfuurufú ọmọ Nàìjíríà lè gbọ́ ara wọn yé lórí rédíò. Àwọn tó ń sọ orúkọ náà máa ń fi ìlú wọn yangàn nígbà mìíràn: Kansas City, tí ẹran sísun sọ di olókìkí, ní oríta tó ń jẹ́ BARBQ, SPICY, SMOKE àti RIBBS.

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń pààrọ̀ máàpù kárí ayé? Ní gbogbo ọjọ́ 28, ní ọjọ́bọ̀ nígbà gbogbo, ni àyípadà tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá ń yí tirẹ̀ nígbà tó wù ú, awakọ̀ tó gbé ìwé àná lọ́wọ́ á pàdé adarí tó ń ka ìwé òní.

Mo ti ka ìròyìn ìjàm̀bá bàálù tó pọ̀, kò sí èyí tó ń dùn mí bí èyí tí ìwé wà lọ́wọ́ awakọ̀, tó ń kà á, tí wọ́n sì ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1974, bàálù TWA 514 ń bọ̀ ní pápákọ̀ Dulles, lẹ́bàá Washington, nínú ojú ọjọ́ tí kò dára. Àwòrán méjì ló wà lórí ìwé ìbalẹ̀ tó wà níwájú wọn: ọ̀kan fi ọ̀nà hàn látòkè, èkejì fi í hàn láti ẹ̀gbẹ́, bí bàálù yóò ṣe máa sọ̀ kalẹ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ ní kí wọ́n má sọ̀ kọjá 3,400 ẹsẹ̀ bàtà títí wọn yóò fi dé ibi tí à ń pè ní Round Hill. Èkejì kò mẹ́nu ba ìyẹn. Adarí ní kí wọ́n máa bọ̀ wá balẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ gbọ́ bí ọ̀gá awakọ̀ ṣe rí 3,400 náà, tó ń rò ó, tó sì parí rẹ̀ sí pé bí wọ́n ti ní kí òun máa bọ̀, òun lè sọ̀ dé 1,800. Òkè ló wà láàárín. Èèyàn 92 ló kú, kò sẹ́ni tó yè. Awakọ̀ rò pé adarí á kìlọ̀ fún òun. Adarí rò pé awakọ̀ á tẹ̀ lé ìwé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe é ní dandan pé kí adarí sọ gíga tí bàálù kò gbọdọ̀ sọ̀ kọjá títí yóò fi dórí ọ̀nà tí máàpù yà, wọ́n sì pàṣẹ pé kí bàálù ńlá ní ẹ̀rọ tó ń pariwo bí ilẹ̀ bá sún mọ́ ọn jù.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1995, lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà nídìí ìjàm̀bá mìíràn. Bàálù American Airlines kan láti Miami ń lọ sí Cali, ní Kòlóńbíà, lálẹ́, láàárín òkè. Lórí ìwé, R ni àmì òpó rédíò Rozo, tó wà nítòsí pápákọ̀. Wọ́n tẹ R sínú kọ̀ǹpútà. R ti kọ̀ǹpútà ni Romeo, òpó mìíràn lọ́nà jíjìn, nítòsí Bogotá. Ẹni tó bá fẹ́ Rozo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ tán pátápátá. Bàálù yà sósì nínú òkùnkùn. Kí wọ́n tó mọ̀, tí wọ́n sì yí padà, òkè ti wà níwájú. Nínú èèyàn 163, mẹ́rin péré ló yè. Ìwé kò parọ́, kọ̀ǹpútà kò parọ́. Wọn ò bá ara wọn mu ni.

Ṣé o mọ̀ pé àpò ìwé máàpù tí awakọ̀ kan ń wọ́ kiri tẹ́lẹ̀ wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 16? Ní 2013 American Airlines kó gbogbo rẹ̀ sínú iPad, wọ́n sì ṣírò pé epo tí ìyẹn ń bá wọn dín kù ju gálọ́ọ̀nù 400,000 lọ́dún. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ẹ̀dà méjì máàpù pápákọ̀ kan ṣoṣo ní Washington wọ inú ètò náà pọ̀, ó sì dojú iPad bolẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ awakọ̀. Ẹ̀rọ bàálù dára, ojú ọ̀nà ṣófo, èrò ti de bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bàálù dúró sílẹ̀. Àwọn kan padà sẹ́nu ọ̀nà tí èrò ti wọlé, kí awakọ̀ lè rí Wi-Fi fi gba máàpù rẹ̀ tuntun. Ìgbà tí ó rí i gbà ni wọ́n tó gbéra.