Nídìí igi boxwood ní Etobicoke

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù, oòrùn ìparí oṣù Keje ti ń ta mí lẹ́yìn ọrùn nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Islington Avenue, ní Etobicoke, lápá ìwọ̀-oòrùn Toronto. Ní àdúgbò tí mo yà sí, ojú ilé kọ̀ọ̀kan ló ní boxwood tí wọ́n rẹ́ rìbìtì, àwọn kan tutù yọ̀yọ̀, àwọn mìíràn ti pọ́n rúsúrúsú bí koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Òórùn bí ìtọ̀ ológbò gba afẹ́fẹ́. Bí boxwood ṣe ń rùn nìyẹn bí oòrùn bá mú.

Màmá kan jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà wọn, garawa omi ọṣẹ wà níwájú wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà."

"O ṣeun, ọmọ mi. Wá wo ohun tó ń jẹ mí nígi."

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì la ẹ̀ka náà. Lókèèrè, ewé ṣì bò ó. Inú rẹ̀ ti ṣófo, okùn funfun bíi ti aláǹtakùn ta kọ́ra, ìgbẹ́ kòkòrò aláwọ̀ ewé sì dà sórí rẹ̀ wẹ́wẹ́ bíi gààrí. Kòkòrò kan ń jẹun lọ. Ó tó sẹ̀ǹtímítà 4, orí rẹ̀ dúdú, ìlà dúdú gba ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ aláwọ̀ ewé láti orí dé ìdí. Ó jẹ ewé kan títí ó fi ku egungun àárín.

Afòpiná ni ìyá rẹ̀, oníyẹ̀ẹ́ funfun tí etí rẹ̀ dúdú bí ẹni fi tìróò là á, abẹ́ ewé ló ń yé sí. Ìlà-oòrùn Éṣíà ni orírun rẹ̀. Ó dé Jámánì ní 2007. Ní 2018, Etobicoke yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà. Ní 2021, Amẹ́ríkà dá boxwood tó ń ti Kánádà wọlé dúró.

Mo rántí kòkòrò orí igi ẹ̀mí tí àwọn ará Kwara ń ṣà sè jẹ. Èyí kì í ṣe jíjẹ: oró boxwood wà lára rẹ̀.

Láti 2009 ni òfin Ontario ti ka ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń fín sí ọgbà ilé léèwọ̀. Oògùn Btk, tó ń pa kòkòrò náà láti inú ewé tó bá jẹ, ṣì wà. Màmá ti fín in. Èyí tó kù ni wọ́n ń fọwọ́ ṣà. Pó, sínú omi ọṣẹ. Pó.

"Bàbá àwọn ọmọ mi ló gbìn ín kí wọ́n tó lọ."

Wọ́n fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka kan. Ó tutù lábẹ́. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n họ èkejì, tí kòkòrò ti jẹ èèpo rẹ̀ yíká. Ó gbẹ gán-ín.

Wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n gbé àlùmọ́gàjí wá.