Owó Adìyẹ Tó Kú: Ta Ló Gbà Á, Ta Ni Kò Rí I Gbà?

Oṣù kejì ọdún 2006 ni ariwo ta. Àrùn kan wọ oko adìyẹ ńlá kan ní Jàjí, ìpínlẹ̀ Kàdúná, adìyẹ tó lé ní 40,000 sì bá a lọ. Kì í ṣe lùkúlùkú táwọn ìyá wa mọ̀ o! H5N1 làwọn oníṣègùn pè é, bọ́ọ̀dù fúlù làwọn ará ọjà ń pè é. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Kò pẹ́ tó fi dé Èkó, níbi tó ti pa obìnrin kan ní oṣù kìíní ọdún 2007.

Ìjọba ní kí ẹni tí adìyẹ rẹ̀ bá ń ṣàìsàn tètè wá sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ á wá pa gbogbo adìyẹ inú oko náà, àtèyí tára rẹ̀ le àtèyí tó ń kú lọ, wọ́n á sin ín, wọ́n á fín oògùn. Lẹ́yìn náà ni owó gbà-má-bìínú á tẹ̀lé e. Èló ni? Náírà 250 lórí adìyẹ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Adìyẹ ẹlẹ́yin á jẹun fún bí oṣù márùn-ún kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ ń bẹ ńbẹ̀, owó ọmọ iṣẹ́ ń bẹ ńbẹ̀. Náírà 250 dà?

Èyí tó tún wá le jù ni pé adìyẹ tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fọwọ́ ara wọn pa nìkan ni wọ́n ń sanwó lé. Èyí tó ti kú kí wọ́n tó dé, ó gbé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan sí méjì ni àrùn náà fi ń pa adìyẹ, Vom lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń gbé àyẹ̀wò lọ. Kí àbọ̀ tó dé, ilé adìyẹ á ti pa lọ́lọ́.

Ìdí nìyí táwọn kan kò fi dúró. Bí wọ́n bá ti rí i tí ogbe ń dúdú, tí orí ń wú, wọ́n á pe oníbàárà, wọ́n á kó o sọ́kọ̀ lóru, ó di ọjà. Ẹ̀yin ìyá aládìyẹ, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀! Owó yẹn kì í ṣe sàráà rárá. Òótọ́ ẹnu àgbẹ̀ ni ìjọba fi ń rà, owó tí wọ́n sì mú wá kéré. Nígbà tí àrùn náà padà dé ní 2015, ní Kánò àti Èkó, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó fẹnu ara wọn pe ìjọba ló jókòó ti owó fún oṣù pípẹ́.

Ẹlẹ́yin wá ńkọ́? Àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún owó. Ẹni tó fi owó àjọ ra kíréètì ẹyin, ẹni tó ta oúnjẹ adìyẹ láwìn, kò kàn wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ti lé oníbàárà sá. Bẹ́ẹ̀, ẹran àti ẹyin tó bá jinná dénú kì í kó àrùn náà ranni.

Ìyá tó ní adìyẹ mẹ́wàá lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n bá ṣàdédé ń kú, kó má fọwọ́ lásán gbé òkú wọn. Kó ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko ìjọba lójú ẹsẹ̀, kó sì pe aládùúgbò méjì wá ka iye èyí tó ṣẹ́kù láàyè.