Adágún orí àpáta ní Adó-Àwáyè: ohun tó yẹ kí ìdílé mọ̀ kí wọ́n tó gun òkè

Lẹ́nu ọdún mélòó kan báyìí, àwọn ọ̀dọ́ àti ìdílé láti ìlú ńlá ti ń gbé àpò sẹ́yìn lọ sí Adó-Àwáyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lópin ọ̀sẹ̀. Ìyàkẹ́ ni wọ́n ń wá lọ, adágún tó dúró sórí àpáta gíga, tí ará ìsàlẹ̀ kò lè rí.

Adó-Àwáyè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, nǹkan bí 20 kìlómítà sí ìlú Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì. Àwọn àgbà ìlú sọ pé orí òkè yìí ni àwọn baba ńlá wọn gbé láyé ogun, nítorí ọ̀tá kò lè gùn ún wẹ́rẹ́. Ìgbà tí ogun rọlẹ̀ ni wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.

Àtẹ̀gùn tó lé ní 300 ni àlejò máa kọ́kọ́ gùn. Níbi tí àtẹ̀gùn pin sí, orí àpáta gbalasa ló kù tí wọn yóò máa rìn. Wọn yóò rí Ìṣàgẹ̀, òkúta ràbàtà tó dúró bí ẹni pé atẹ́gùn lásán lè bì í ṣubú. Wọn yóò rí Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà, àwọn ihò inú àpáta tó dà bí ojú ẹsẹ̀ ènìyàn, kí wọ́n tó dé etí Ìyàkẹ́.

Báwo ni omi ṣe dúró sókè bẹ́ẹ̀? Àpáta kì í fa omi mu bí ilẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ á ṣàn lọ síbi tó bá jin kòtò, á sì dúró síbẹ̀. Àwọn ará ìlú ní Ìyàkẹ́ kì í gbẹ, kódà nígbà ọyẹ́. Ibi ọ̀wọ̀ ni fún wọn. Àwọn tó ń wá ọmọ máa ń tọrọ níbẹ̀. Nítorí náà, kò sí pé à ń wẹ̀ tàbí à ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Èèwọ̀ yìí bọ́gbọ́n mu fún òbí pẹ̀lú: etí àpáta tó tutù máa ń yọ̀, ẹni tó bá já sínú omi kò sì ní rí ohun dì mú.

Ọmọdé ló yẹ kí òbí kọ́kọ́ rò. Ọ̀pọ̀ ibi lórí òkè ni kò ní ohun tó dábùú ọ̀gbun. Kí àgbàlagbà kan di ọmọ kékeré kan mú, kí wọ́n má fi ẹ̀gbọ́n ṣọ́ àbúrò. Kí aláboyún, ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí ikọ́ fée bi dókítà kí wọ́n tó lọ.

Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára láti gùn ún, kí oòrùn tó mú àpáta gbóná. Bàtà kánfáàsì tó di ilẹ̀ mú ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan gbé omi mímu tó lítà mẹ́ta, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti aṣọ òtútù bí wọ́n bá fẹ́ sùn síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ pàgọ́ gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ ará ìlú, kí amọ̀nà sì sùn tì wọ́n. Ibi tó tẹ́jú, tó jìnnà sí etí ọ̀gbun àti sí adágún, ni kí wọ́n pàgọ́ sí. Bí òjò bá ṣú, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kíá, nítorí mànàmáná kì í pẹ́ bá ẹni tó dúró lórí àpáta gbalasa.

Omi adágún kì í ṣàn lọ bí odò, ìdọ̀tí tó bá bọ́ sínú rẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà. Gbogbo ọ̀rá omi àti ike tí wọ́n bá gbé gòkè, kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n bá amọ̀nà sọ̀rọ̀ owó kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n sì jẹun ọ̀sán nínú ìlú, kí àbẹ̀wò náà lè ṣe àwọn tó ń tọ́jú òkè náà láǹfààní.